Ẹ̀yin Gíwá Yunifásítì, Òwò Wo Gan-an Lẹ Ń Kọ́ Wa?

"Ẹ má jẹ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ kiri, ẹ jẹ́ ẹni tó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀." Kò sí ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè tí mo lọ rí tí wọn ò ti sọ ọ́. Gíwá á gbé e jáde lórí pèpéle, àwọn òbí á pàtẹ́wọ́, àwọn tó wọ gáùn á rẹ́rìn-ín, kálukú á wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ó máa gùn díẹ̀ o. Ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì mí gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń darí yunifásítì wa ní Nàìjíríà ò rí òwò dídá sílẹ̀ bí ohun tí èèyàn ń ṣe. Wọ́n rí i bíi kọ́ọ̀sì. Wọ́n rí i bí ilé tuntun tí wọ́n á fi táìlì sí, tí wọ́n á wá gé ríbọ́ọ̀nù níwájú ẹ̀. Wọ́n rí i bí ọ̀nà tí owó lè gbà wọ àpò ilé ìwé. Wọ́n sì rí i bí èsì tó wà nílẹ̀ digbí fún ọjọ́ tí ẹnìkan bá béèrè pé kí ló dé tí àwọn tó jáde lọ́dọ̀ wọn ò ríṣẹ́ ṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń bí mi nínú jù.

Torí ẹ wò ó: tí iṣẹ́ ò bá sí nílùú, tí wọ́n sì ti kọ́ ẹ ní entrepreneurship, ta ló jẹ̀bi? Ìwọ ni. Wọ́n ti kọ́ ẹ, o ò ṣe é. Ìjọba ti yọ ọwọ́, yunifásítì ti yọ ọwọ́, ó ku ìwọ àti sátífíkéètì ẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo kọ́ọ̀sì ọ̀hún fúnra ẹ̀ ná. Ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí gbogbo yunifásítì máa kọ́ ọ, bó o ń ka Físíìsì, bó o ń ka Yorùbá. Nígbà tí NUC gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde ní ìparí 2022, èyí tí wọ́n ń pè ní CCMAS, wọ́n tún ilẹ̀ ẹ̀ tẹ̀: ENT 211 fún ọdún kejì, ENT 312 fún ọdún kẹta. Kò sẹ́ni tó lè sá fún un. Orúkọ tí wọ́n fún ENT 312 ni Venture Creation, ìyẹn dídá òwò sílẹ̀. Ẹ máa rántí orúkọ yẹn bá mi.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Gbọ̀ngàn kan, akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ, àwọn kan dúró lójú fèrèsé, màíkì ń ké bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Olùkọ́ á dúró síwájú, á ka ìtumọ̀ entrepreneur láti ẹnu Cantillon, á tún ka ti Schumpeter, àwa á máa kọ ọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò, a ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà: èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni kì í ṣe ìwà oníṣòwò? A, ìfaradà. B, ìgboyà. D, ìwà ọ̀lẹ. Èèyàn lè gba máàkì tó ga jù nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kó má mọ bí wọ́n ṣe ń sin gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà tí kì í gbé fóònù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ní ká wá ṣe é lójú ara wa. Ọṣẹ olómi, Izal, ìpara, bíìdì, ṣín-ṣín, gèlè wíwé. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa dáwó ra èròjà. Ẹnì kan á máa ro ọṣẹ nínú ike, àádọ́ta èèyàn á máa fi fóònù ya fídíò ẹ̀. Mi ò bú iṣẹ́ ọwọ́ o, ẹ má fi ẹ̀sùn yẹn kàn mí. Ìyá tó ń po ọṣẹ, tó ń ta ṣín-ṣín, ló rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sílé ìwé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀sán kan ṣoṣo kọ́ ni àwọn ìyá wa fi kọ́ ọ.

Ẹ lọ bi télọ̀ àdúgbò yín léèrè. Ọmọ iṣẹ́ máa ń lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kó tó gba fríídọ̀mù. Láàárín gbogbo àsìkò yẹn, aṣọ rírán nìkan kọ́ ló ń kọ́. Ó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń dá oníbàárà lóhùn nígbà tí ọdún ku ọ̀la tí aṣọ ò tíì yọrí. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ra òwú ní ọ̀wọ́n àti ibi tí wọ́n ti ń rà á ní ọ̀pọ̀. Ó mọ ẹni tó máa ń sanwó àti ẹni tó máa ń sọ pé òun á fi ránṣẹ́. Ó mọ ohun tí ọ̀gá ń ṣe tí iná bá lọ tí epo bẹntiróòlù sì gbówó lórí. Lọ́jọ́ fríídọ̀mù, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ni Schumpeter sọ.

Ọ̀gá yẹn sì ní ṣọ́ọ̀bù! Wọ́n ní ẹni tó bá ní òun á dá aṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ta ló ń kọ́ wa ní ENT? Lọ́pọ̀ ìgbà, olùkọ́ tí wọ́n fà wá láti ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn ni, tí owó oṣù tiẹ̀ gan-an ò tó o jẹun, tó jẹ́ pé òwò kan ṣoṣo tó ti ṣe láyé ẹ̀ ni handout tó tà fún wa ní túláàsì. (Ní ti òdodo, òwò tí oníbàárà ò gbọdọ̀ kọ̀ láti rà, ibo lèèyàn ti fẹ́ rí irú ẹ̀ tún?)

Mi ò bá olùkọ́ yẹn jà. Wọ́n pín in fún un ni. Ẹni tó pín in ni mò ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ilé ìwé tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Lọ́dún kẹta wa, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ń gẹrun fún àwọn ọmọ họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Kílípà méjì, dígí kan, àga oníke kan, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wa ni ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mò ń bá a kọ ìwé owó nínú ìwé àjákọ kan báyìí: iye orí tó gẹ̀, iye tó lò sórí spirit àti bíléèdì, iye tó yá èèyàn. Òwò ọ̀hún ló fi ń jẹun, òun náà ló fi san owó ilé ìwé apá kejì ọdún yẹn. Lọ́jọ́ Tuesday kan, àwọn sìkiọ́rítì àti òṣìṣẹ́ họ́sítẹ̀ẹ̀lì wọlé, wọ́n ní òfin ò gba òwò ṣíṣe nínú yàrá. Wọ́n kó kílípà méjèèjì, wọ́n kó dígí, wọ́n ní kó wá san owó ìtanràn kó tó rí wọn gbà.

Lọ́jọ́ Thursday ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, a lọ jókòó sí kíláàsì entrepreneurship. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa: ẹ kọ business plan fún òwò tí èèyàn lè fi owó kékeré bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kọ nípa ìgẹrun. Kí ló tún fẹ́ kọ? Ó gba máàkì 17 nínú 20. Kílípà ẹ̀ ṣì wà lọ́fíìsì sìkiọ́rítì, wọn ò sì dá a padà títí a fi jáde.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á wá sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí láti sọ pé òfin ni òfin. Mo gbọ́. Ẹni tó ń fi hot plate se ìrẹsì tà nínú yàrá tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn sí lè dáná sun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí èèyàn má ṣe é níbí, ibo lẹ ní kó ti lọ ṣe é? Ṣọ́ọ̀bù kúkú wà nínú ọgbà. Ará ìta tó lè ka owó ọdún kan, ọdún méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń fún. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló ní irú owó yẹn? Tó bá ní in, kí ló ń wá lẹ́yìn ilẹ̀kùn?

Ẹ rìn yí ọgbà yunifásítì èyíkéyìí ká ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ máa rí ẹni tó ń dirun, ẹni tó ń ta òkìrìkà lórí WhatsApp, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń ṣe POS, ẹni tó ń ya àwòrán ìpolówó fún ẹgbẹ́ ìjọ àti fún àwọn tó ń díje dupò SUG, ẹni tó ń rán ọmọ kíláàsì ẹ̀ níṣẹ́ lọ sọ́jà kó lè jèrè lórí tòmátò. Àwọn oníṣòwò tí gíwá ń pè níbi ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè wà níwájú ilé ẹ̀. Kò kàn dá wọn mọ̀ ni, torí wọn ò wọ kóòtù, wọn ò sì di slide mọ́ ọwọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo eléyìí.

Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ ní òun fẹ́ máa yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn yunifásítì ìjọba ń pa fúnra wọn, ìyẹn IGR, kó tó dé ọwọ́ wọn rárá. Ha! Ariwo ta. Àwọn aláṣẹ yunifásítì pariwo, ASUU pariwo, pé owó táṣẹ́rẹ́ tí ilé ìwé fi ń ra díísù, tó fi ń sanwó iná, ni ẹ tún fẹ́ já gbà. Wọ́n sì jàre. Kò sí ohun tí wọ́n sọ tí kò tọ̀nà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún yẹn, níbi ayẹyẹ ọdún 75 Yunifásítì Ìbàdàn, Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n dá a dúró.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ dájú pé tí alágbára bá ń bu owó lórí òwò tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, òwò náà á wó. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń gbìyànjú láti gbọ́ bùkátà ara ẹ̀, èèyàn kì í já nǹkan ẹ̀ gbà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n mọ gbogbo ẹ̀ nígbà tó kan àwọn. Ohun tí wọ́n bẹ ìjọba pé kó má ṣe fún àwọn, òun náà ni sìkiọ́rítì wọn ń ṣe fún ọmọ tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin lẹ́nu ọ̀nà họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ò sì ní ASUU tó máa bá a pariwo.

Ká tiẹ̀ sọ ti òwò tí yunifásítì fúnra wọn ń ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ilé búrẹ́dì, ilé omi, ilé epo, ilé àlejò, ilé ìtẹ̀wé. Mi ò ní kí wọ́n má ní in. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Burton Clark, kọ̀wé ní 1998 lórí yunifásítì márùn-ún ní Yúróòpù, Warwick wà níbẹ̀, Twente wà níbẹ̀. Ohun tó rí ni pé ilé ìwé tó fẹ́ dá dúró kì í wo ojú ìjọba nìkan, ó máa ń ní ọ̀nà owó oríṣiríṣi; ó sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀mí ìdáwọ́lé nǹkan tuntun wọnú ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ọ̀gá nìkan. Àwọn gíwá tiwa gbọ́ ibi owó. Ibi tó kù, wọ́n ní network ò dáa.

Ọ̀nà owó oríṣiríṣi ọ̀hún náà, ta ni wọ́n kọ́kọ́ yíjú sí? Ẹ rántí July 2023, nígbà tí Unilag kéde pé owó tí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń san á kúrò ní ẹgbẹ̀rún 19 náírà bọ́ sí ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún 100. Ariwo pọ̀, wọ́n dín in kù díẹ̀. Ibi tí ọmọ á ti rí ìyàtọ̀ owó yẹn kó ni òwò tí wọn ò jẹ́ kó ṣe.

Kí n má bàa dà bí ẹni tí kò rí rere kankan: àwọn onímọ̀ FUNAAB ní Abẹ́òkúta lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí adìẹ ìbílẹ̀ wa títí wọ́n fi mú irú tuntun jáde, FUNAAB Alpha ni wọ́n ń pè é. Adìẹ tí àgbẹ̀ lè sìn lẹ́yìnkùlé, tó sì ń yára dàgbà ju ti ilé lọ. Ìwádìí ló di ọjà yẹn. Irú ẹ̀ ni mo ń pè ní òwò yunifásítì, kì í ṣe pure water. Pure water, ẹni tí kò ka ìwé mẹ́fà ń ṣe é ní àdúgbò mi, tiẹ̀ sì tutù ju tilé ìwé lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kí a máa sọ ti òkè òkun, ẹ gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ PhD ni Larry Page àti Sergey Brin ní Stanford nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Google. Àdírẹ́sì tí wọ́n kọ́kọ́ lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, google.stanford.edu ni. Lórí ẹ̀rọ ilé ìwé! Kò sẹ́ni tó kó kọ̀ǹpútà wọn lọ sọ́fíìsì sìkiọ́rítì. Stanford gba patent sórí iṣẹ́ náà, wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ láìsí wàhálà, wọ́n fún ilé iṣẹ́ tuntun yẹn láṣẹ láti lò ó, wọ́n sì gba ìpín nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ta ìpín yẹn ní 2005, ó lé ní mílíọ̀nù 330 dọ́là tí wọ́n rí níbẹ̀. Mélòó ni owó ìtanràn kílípà?

Mo mọ̀ pé Ifẹ̀ kì í ṣe California. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Ifẹ̀. Ní 2009, akẹ́kọ̀ọ́ OAU mẹ́ta dá Jobberman sílẹ̀ nínú yàrá họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Ìgbà wo? Ìgbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀, tí kíláàsì ti pa. Gíwá ní ká má wáṣẹ́, àwọn fi wíwá iṣẹ́ dá òwò sílẹ̀. Ìgbà tí ilé ìwé ò dí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n rí àyè ṣe é, ìyẹn sì yẹ kó ká àwọn àgbà lára.

Ti PiggyVest ńkọ́? Ọmọ tó jáde ní Covenant mẹ́ta ló dá a sílẹ̀ ní 2016. Ohun tó tan iná sí wọn lórí ni obìnrin kan lórí Twitter tó fi àpótí onígi, kóló tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, fi ẹgbẹ̀rún kan náírà pamọ́ lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko. Kóló! Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ìyá àgbà. Babcock ni Shola Akinlade ti Paystack ti jáde. Ní 2020, Stripe ra Paystack ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: ilé ìwé aládàáni ni méjì nínú mẹ́ta yìí, Covenant sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ ní EDS tipẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ṣé kíláàsì ni àbí iná tí kì í lọ, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣiṣẹ́, kàléńdà tí ìyanṣẹ́lódì kì í já, àti òbí tó lè fún ọmọ lówó jẹun nígbà tó ń gbìyànjú?

Torí owó ni gbogbo ẹ̀ já sí, ẹ jẹ́ ká yé tan ara wa. Ní 2011, ìjọba Jonathan bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní YouWiN!. Nígbà àkọ́kọ́, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 24 èèyàn ló kọ̀wé wọlé, 1,200 ló gba owó, ìdíwọ̀n ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì rí gbà tó ẹgbẹ̀rún 50 dọ́là. David McKenzie ti Báǹkì Àgbáyé tẹ̀lé wọn fún ọdún mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n mú kọjá ìpele àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́rin lórí bí wọ́n ṣe ń kọ ètò òwò, àti ẹni tó padà gba owó àti ẹni tí kò gbà á. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, òwò àwọn tó gba owó ló ṣì ń mí jù, àwọn náà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó gba òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sókè. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ gbà. Owó ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyẹn ni pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ohun tí wọ́n sì ń fún wa ni ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́. ENT nílé ìwé. O jáde, o dé ọgbà NYSC, SAED tún dúró dè ẹ́, ọṣẹ olómi náà ló tún ń kọ́ ẹ lábẹ́ àgọ́. Tí ọṣẹ bá lè gbani là, gbogbo wa ì bá ti là.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo mọ ohun tí ojú gíwá ń rí. Ní April 2024, owó iná Band A fò láti 68 náírà sí 225 fún ìwọ̀n kan, yunifásítì kì í sì í ṣe ilé ìdáná. Owó tí ìjọba ń fún wọn láti fi ṣàkóso ilé ìwé ò tó o ra omi. NUC á ní ṣe báyìí, TETFund á ní owó ilé kíkọ́ ni mo mú wá, owó oṣù òṣìṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá wà nípò yẹn, tí wọ́n ní kó kọ́ ilé entrepreneurship, á kọ́ ọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, kò sí èyí tó nílò owó TETFund.

Ta ló ń rán gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè? Ta ló ń tẹ ìwé ètò, bánà, káàdì ìdánimọ̀? Ta ló ń ṣe wẹ́ẹ̀bù ilé ìwé tó máa ń kú lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn fẹ́ forúkọ sílẹ̀? Ta ló ń se oúnjẹ tí sẹ́nétì bá jókòó? Kọngílá ni. Owó ti ń jáde lọ́dọọdún, ará ìta ló ń gbà á. Ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún òwò akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní CAC, kí wọ́n kọ̀wé díje, ẹni tó bá ṣe é dáadáa kó gbà á, ẹni tó bá bà á jẹ́ kó má rí i gbà mọ́. Kí ẹ sì san owó wọn lásìkò, torí gbèsè ilé ìwé lè pa ọmọ. Ẹni tó bá rán 200 gáùn fún ilé ìwé ẹ̀, tó san owó àwọn télọ̀ méjì tó gbà, tó sì kọ ìwé owó ẹ̀ dáadáa, ẹ fún un ní A nínú ENT 312. Dídá òwò sílẹ̀ lẹ pe kọ́ọ̀sì náà, àbí?

Ẹ má sọ pé NUC ò gbà. CCMAS fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti pinnu fúnra ẹ̀. Ọwọ́ yín ló wà.

Ẹ fún wa ní ìlà ṣọ́ọ̀bù kan tí a ó máa san lóṣooṣù. Ẹ pe ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń mọ iye tí ọjà á jẹ́ nígbà tí owó ọkọ̀ fò sókè lóru, ẹ sì san owó olùkọ́ fún un. NOTAP ti dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì láti máa dáàbò bo ohun tí onímọ̀ bá ṣe. Ẹ bi ọmọ mẹ́wàá nínú ọgbà yín bóyá wọ́n mọ ilẹ̀kùn ẹ̀.

Ohun kan tún kù tí àwọn ọ̀rẹ́ mi oníṣòwò ò ní fẹ́ gbọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ dá òwò sílẹ̀. Ẹni tó ka ìtàn, tó fẹ́ jẹ́ olùkọ́, ẹ jẹ́ kó rí kíláàsì kọ́. Ẹni tó ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbà á, kì í ṣe kó lọ máa po ìpara. Tí gíwá bá ń wo ọ̀dọ́ tó fi ọdún mẹ́rin, tàbí mẹ́fà pẹ̀lú ìyanṣẹ́lódì, kọ́ nǹkan, tó wá ń sọ fún un pé kó lọ dá òwò mìíràn sílẹ̀, ohun tó ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé ohun tí a kọ́ ẹ yẹn ò wúlò. Kó sọ ọ́ síta nígbà náà, kí òbí mọ ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Ìlú tí gbogbo wa bá ti ń ta ọṣẹ olómi, ta ló máa rà á?

Mo ti sọ tèmi. Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀: kí lẹ tà nígbà tẹ́ ẹ wà nílé ìwé, kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, mélòó lẹ sì san kẹ́ ẹ tó rí i gbà? Ẹ má dárúkọ sìkiọ́rítì kankan o, òun náà ń retí owó oṣù ẹ̀. Tí ẹ bá mọ gíwá kan, tàbí ọmọ gíwá, tàbí dẹ́rẹ́bà gíwá, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí i.